Oògùn Méjì Tí Ẹni Tó Bọ́ Lọ́wọ́ Ìkọlù Ọkàn Ń Lò: Ẹ Má Ṣe Dá A Dúró Láìbéèrè

 

Ẹ̀yin ọmọ ìyá wa, ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kan ọ̀pọ̀ ilé. Baba tàbí ìyá á ṣàdédé di àyà mú, wọ́n á sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, Ọlọ́hun á yọ ọ́, á padà wálé. Lára oògùn tí wọ́n á kó lé e lọ́wọ́ ni aspirin kékeré kan, pẹ̀lú hóró mìíràn tó ń jẹ́ clopidogrel tàbí ticagrelor. Oṣù kan, oṣù méjì, ara á mókun. Aláìsàn á tún máa rìn lọ sí mọ́ṣáláṣí, á padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ìgbà náà ni ẹnì kan nínú ẹbí á sọ pé, "Ẹ ti gbádùn báyìí, ẹ fi oògùn wọ̀nyí sílẹ̀ kí wọ́n má baà ba kíndìnrín yín jẹ́." Oògùn á dúró. Nígbà mìíràn kì í pẹ́ rárá tí wọ́n á tún fi sáré gbé e padà, èyí tó bá sì dé lẹ́ẹ̀kejì lè le ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ohun tí a fẹ́ kí gbogbo ilé Mùsùlùmí mọ̀ ni pé oògùn méjì yìí kì í ṣe oògùn ìrora tí a ń lò kí ara tó yá nìkan. Ẹ̀ṣọ́ ni wọ́n. Bí ara bá yá tán gan-an ni iṣẹ́ ìṣọ́ wọn ń lọ lọ́wọ́. Ẹni tó bá dá wọn dúró láìbéèrè lọ́wọ́ dókítà ti sọ ilẹ̀kùn sí ṣíṣí nígbà tí olè ṣì wà ní àdúgbò.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ọkàn?

Ọkàn ló ń ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri gbogbo ara, ṣùgbọ́n òun náà nílò ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀. Àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ kan wà tó rọ̀ mọ́ ọkàn láti ìta, àwọn ló ń bọ́ ọ. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ọ̀rá lè máa ṣù jọ sínú ògiri àwọn iṣan wọ̀nyí, pàápàá lára ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ, ẹni tó ń mu sìgá, àti ẹni tí cholesterol rẹ̀ ga. Ọ̀rá yìí lè wà níbẹ̀ fún ọdún púpọ̀ láìsí ìrora kankan. Ó di ọjọ́ kan, ojú rẹ̀ á là, bí ìgbà tí eéwo bá tú.

Inú ẹ̀jẹ̀ wa sì ni àwọn nǹkan kéékèèké kan wà tí wọ́n ń pè ní platelet. Nínú ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo, ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù wọn ló wà níbẹ̀. Bí ọ̀bẹ bá gé wa lọ́wọ́, àwọn ni wọ́n máa ń sáré débẹ̀, tí wọ́n á lẹ̀ mọ́ra wọn, tí wọ́n á dí ojú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ má baà tán lára. Àánú Ọlọ́hun ni wọ́n jẹ́ fún wa. Ṣùgbọ́n wọn kò mọ ìyàtọ̀ láàrin ojú ọ̀bẹ tó wà lọ́wọ́ àti ojú ọ̀rá tó là nínú iṣan ọkàn. Bí wọ́n bá ti rí ojú egbò, wọ́n á sáré débẹ̀, wọ́n á máa pe ara wọn jọ, ẹ̀jẹ̀ á sì dì síbẹ̀. Láàrin ìṣẹ́jú mélòó kan, ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà dé ọkàn lè dí.

Èyí ni àwọn dókítà ń pè ní acute coronary syndrome. Ẹ̀ka mẹ́ta ló ní. Nígbà mìíràn ọ̀nà náà á dí pátápátá, apá ibi tí iṣan náà ń bọ́ lára ọkàn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Nígbà mìíràn kò dí tán, síbẹ̀ ọkàn á fara gbọgbẹ́. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni pé ọkàn kò tíì fara gbọgbẹ́, ṣùgbọ́n àyà ń dun ènìyàn lọ́nà tó fi hàn pé ewu ti dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀rọ ECG àti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni dókítà fi ń mọ èyí tó jẹ́. Kò sí ẹni tó lè fi ojú lásán mọ̀ ọ́n nílé.

Iṣẹ́ tí oògùn méjì náà ń ṣe

Ọ̀nà tí platelet fi ń pe ara wọn jọ ju ẹyọ kan lọ. Aspirin ń dí ọ̀kan lára àwọn ọ̀nà náà. Clopidogrel, prasugrel àti ticagrelor ń dí ọ̀nà mìíràn tó yàtọ̀ pátápátá. Ìdí nìyí tí dókítà fi ń kọ méjì papọ̀: aspirin kan, àti ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yòókù. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ jẹ owó wa, oògùn kan kò sì lè dípò èkejì. Ilé tó ní ilẹ̀kùn iwájú àti ti ẹ̀yìn, bí a bá ti iwájú nìkan, a kò tíì ti ilé.

Ilé iṣẹ́ Bayer ní orílẹ̀-èdè Jámánì ló ṣe aspirin ní ọdún 1897, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní 1899 fún ìrora àti ibà. Kò sẹ́ni tó rò ó mọ́ ọ̀rọ̀ ọkàn nígbà náà. Ó di nǹkan bí àádọ́ta ọdún lẹ́yìn náà kí dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Lawrence Craven, tó ṣàkíyèsí pé àwọn tí òun yọ bẹ́lúbẹ́lú wọn máa ń ṣẹ̀jẹ̀ jù bí wọ́n bá ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù tó ní aspirin nínú. Ó rò ó pé ohun tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ pẹ́ kó tó dì lè gba ọkàn là. Ní 1971, onímọ̀ kan ní ìlú òyìnbó, John Vane, ṣàlàyé bí aspirin ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ara. Iṣẹ́ yìí wà lára ohun tó mú kí wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1982.

Ẹ̀rí tó fìdí ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀ ni ìwádìí ńlá kan tó jáde ní 1988, tí wọ́n ń pè ní ISIS-2. Àwọn aláìsàn 17,187 ni wọ́n fi ṣe é, gbogbo wọn ni wọ́n fura sí pé ìkọlù ọkàn ló dé bá wọn. Wọ́n fún ìdajì wọn ní aspirin díẹ̀ lójoojúmọ́ fún oṣù kan, wọn kò fún ìdajì yòókù. Láàrin ọ̀sẹ̀ márùn-ún, nínú 1,000 ènìyàn tí kò lo aspirin, nǹkan bí 118 ló kú nípa àìsàn ọkàn àti iṣan ẹ̀jẹ̀. Nínú 1,000 tó lò ó, 94 ni. Ẹ̀mí mẹ́rìnlélógún nínú ẹgbẹ̀rún, pẹ̀lú hóró kékeré tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan.

Ní 2001, ìwádìí mìíràn tó ń jẹ́ CURE jáde, èyí tí Dókítà Salim Yusuf ti yunifásítì McMaster ní Kánádà ṣe aṣáájú rẹ̀. Àwọn aláìsàn 12,562 ló wà nínú rẹ̀. Gbogbo wọn ń lo aspirin, wọ́n wá fi clopidogrel kún un fún ìdajì wọn. Nínú 1,000 tó ń lo aspirin nìkan, 114 ló kú nípa àìsàn ọkàn tàbí tí ìkọlù ọkàn tàbí rọpárọsẹ̀ bá. Nínú 1,000 tó ń lo méjèèjì, 93 ni. Ṣùgbọ́n a kò ní fi apá kan ọ̀rọ̀ pamọ́: àwọn tó ṣẹ̀jẹ̀ púpọ̀ lọ láti 27 sí 37 nínú 1,000. Èyí ni pé oògùn yìí ní ewu tirẹ̀, ṣùgbọ́n fún ẹni tí àìsàn náà ti bá, àǹfààní rẹ̀ pọ̀ ju ewu rẹ̀ lọ. Ní 2009, ìwádìí PLATO tún fi hàn pé ticagrelor ṣiṣẹ́ ju clopidogrel lọ fún irú àwọn aláìsàn báyìí: 98 nínú 1,000 dípò 117 láàrin ọdún kan. Ticagrelor sì lè mú kí èémí máa gún àwọn kan. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀, dókítà ni kí a sọ fún, kí a má ṣe sọ oògùn nù.

Prasugrel ní tirẹ̀ kò yẹ fún ẹni tí rọpárọsẹ̀ ti mú rí. Nítorí náà, bí ẹ bá rí i pé oògùn bàbá yín yàtọ̀ sí ti bàbá aládùúgbò, ẹ má ṣe pààrọ̀ wọn. Dókítà ló mọ ìdí tó fi yan èyí fún eléyìí, tó sì yan tọ̀hún fún onítọ̀hún.

Wákàtí àkọ́kọ́

Àwọn àgbà ní àìtètè mú olè, olè ń mú olóko. Bí ìṣẹ́jú ti ń lọ ni ara ọkàn ń kú sí i. Ẹ jẹ́ kí a mọ àmì rẹ̀: kí àyà máa dun ènìyàn bí ẹni pé nǹkan wúwo jókòó lé e, kí ìrora náà lọ sí apá, ọrùn, àgbọ̀n ìsàlẹ̀ tàbí ẹ̀yìn, kí òógùn tútù máa bo ènìyàn, kí èémí má délẹ̀, kí èébì máa gbé e. Nígbà mìíràn, pàápàá lára àwọn obìnrin, àwọn àgbàlagbà àti àwọn alátọ̀gbẹ, àyà lè má dùn wọ́n púpọ̀. Ó lè jẹ́ àárẹ̀ òjijì, àìlèmí dáadáa, tàbí ìrora lókè ikùn. Ọ̀pọ̀ ló ti sọ pé ọgbẹ́ inú ló ń yọ wọ́n lẹ́nu, tí wọ́n mu oògùn ulcer, tí wọ́n sùn lé e, bẹ́ẹ̀ ọkàn ni.

Bí ẹ bá rí àmì wọ̀nyí, ẹ wá ọkọ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó ní dókítà àti ẹ̀rọ ECG. Ẹ má ṣe jẹ́ kí aláìsàn fúnra rẹ̀ wa ọkọ̀. Àwọn ará wa ní ìlú òyìnbó lè pe 999, àwọn tó wà ní Amẹ́ríkà lè pe 911. Rúkíyà dára, àdúà dára. Ẹ máa ṣe wọ́n nínú ọkọ̀ bí ẹ ti ń lọ.

Àwọn dókítà máa ń ní kí aláìsàn rún aspirin tó tó 300mg lẹ́nu, kó sì gbé e mì. Ìdí tí wọ́n fi ní kó rún un ni pé ó máa ń yára wọ inú ẹ̀jẹ̀ ju èyí tí a gbé mì lódindi lọ. Bí ẹ bá lè bá dókítà tàbí àwọn òṣìṣẹ́ pàjáwìrì sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó fún un. Ẹ má ṣe fún ẹni tí ara rẹ̀ kò gba aspirin, ẹni tí aspirin máa ń gbé ikọ́ fée rẹ̀ dìde, tàbí ẹni tó ń ṣẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́. Bó bá sì jẹ́ pé ẹnu rẹ̀ ló wọ́, tí apá tàbí ẹsẹ̀ kan kò gbé mọ́, tàbí tí ọ̀rọ̀ kò já gaara lẹ́nu rẹ̀, ẹ má ṣe fún un ní aspirin nílé rárá. Àmì rọpárọsẹ̀ nìyẹn, ó sì lè jẹ́ pé iṣan ẹ̀jẹ̀ ló bẹ́ nínú ọpọlọ. Aspirin lè mú èyí burú sí i.

Títí dìgbà wo?

Fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, oṣù méjìlá ni wọ́n máa ń lo oògùn méjèèjì papọ̀. Lẹ́yìn náà, dókítà á yọ ọ̀kan kúrò. Aspirin kékeré, tí kò ju 75mg sí 100mg lọ lójúmọ́, ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò títí ayé. Ẹni tí ewu ẹ̀jẹ̀ dídà bá pọ̀ lára rẹ̀, dókítà lè dín àkókò oògùn méjì náà kù sí oṣù mẹ́fà, mẹ́ta, tàbí oṣù kan pàápàá. Ìpinnu dókítà nìyẹn, kì í ṣe ti ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe ti ẹni tó ń ta oògùn ní kẹ́mísì.

Àwọn mìíràn wà tí wọ́n fi ohun kan tó ń jẹ́ stent sínú iṣan ọkàn wọn. Ọ̀pá kékeré tí wọ́n fi wáyà hun ni, ó ń la iṣan náà sílẹ̀ kó má baà pa dé. Nǹkan àjèjì ni nínú ara. Títí ara fi máa bò ó, platelet lè rí i bí egbò, kí wọ́n sáré lọ lẹ̀ mọ́ ọn. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dì sínú stent, ìkọlù ọkàn ńlá ló máa ń jẹ́, ó sì ń pa ènìyàn. Oṣù àkọ́kọ́ ni ewu yìí pọ̀ jù, dídá oògùn dúró ṣáájú àkókò sì wà lára ohun tó ń fà á jù lọ.

Ẹ jẹ́ kí a tún ṣàlàyé ohun kan. Ọjọ́ méje sí mẹ́wàá péré ni platelet kan ń lò láyé, tí òmíràn á sì rọ́pò rẹ̀. Èyí tí aspirin tàbí clopidogrel bá ti mú kò lè ṣiṣẹ́ mọ́ títí yóò fi kú. Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni ara ń dá tuntun, oògùn ti òní ló sì ń mú tuntun ti òní. Nítorí náà, ẹni tó bá dá a dúró, bí ọ̀sẹ̀ kan bá fi máa pé, púpọ̀ nínú ààbò rẹ̀ ti lọ. Ti ticagrelor tilẹ̀ yára ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lò ó lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Aláìsàn kò ní mọ nǹkan kan lára. Kò sí ìrora tó máa sọ fún un pé ẹ̀ṣọ́ ti kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

Bí a bá gbàgbé oògùn lẹ́ẹ̀kan, kí a lò ó nígbà tí a bá rántí. Bí àkókò èyí tó kàn bá ti sún mọ́, kí a lo ìyẹn nìkan. A kì í lo ìlọ́po méjì láti fi san gbèsè.

Àwọn ohun tó máa ń mú kí àwọn ènìyàn dá a dúró

Owó ni àkọ́kọ́. Òótọ́ ni pé ticagrelor wọ́n. Ṣùgbọ́n kí oògùn tó tán ni kí a sọ fún dókítà pé agbára wa kò gbé e. Ó lè pààrọ̀ rẹ̀ sí clopidogrel, èyí tí ilé iṣẹ́ púpọ̀ ń ṣe báyìí, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ti fi sínú àkọsílẹ̀ àwọn oògùn tí kò yẹ kó wọ́n ní orílẹ̀-èdè kankan láti 2015. Ẹ rà á níbi tó ní orúkọ rere, kí ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC lára páálí rẹ̀. A sì ń fi àkókò yìí sọ fún àwọn ìgbìmọ̀ mọ́ṣáláṣí wa: aláìní tí kò lè ra oògùn tó dá ẹ̀mí rẹ̀ dúró wà lára àwọn tí sàká tọ́ sí. Oògùn oṣù kan fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè ṣe àǹfààní ju ìrẹsì àpò kan lọ.

Ẹ̀jẹ̀ ni ìkejì. Èrìgì lè máa ṣẹ̀jẹ̀ díẹ̀ bí a bá ń fi pákò tàbí búrọ́ọ̀ṣì fọ eyín, ara lè máa dúdú níbi tí nǹkan bá ti gbún un. Ẹ sọ fún dókítà ní ọjọ́ tí ẹ máa rí i, ṣùgbọ́n ẹ má dá oògùn dúró. Èyí tó gba ìsáré ni ìgbẹ́ dúdú tó ń lẹ̀ bí ọ̀dà, èébì ẹ̀jẹ̀ tàbí èyí tó dà bí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kọfí, ẹ̀jẹ̀ imú tí kò dá, ẹ̀fọ́rí líle òjijì, tàbí fífi orí gbá nǹkan. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé ìwọ̀nyí lọ lójú ẹsẹ̀.

Eyín yíyọ àti iṣẹ́ abẹ ni ìkẹta. Ẹ sọ fún ẹni tó fẹ́ yọ eyín pé ẹ ń lo oògùn yìí. Lọ́pọ̀ ìgbà ó lè yọ ọ́ láìdá a dúró, kó sì tẹ ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ á fi dá. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ abẹ tó lè dúró, kó dúró. Bí kò bá lè dúró, kí dókítà iṣẹ́ abẹ bá dókítà ọkàn sọ̀rọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan oògùn.

Ìkẹrin ni àwọn oògùn tí a ń rà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Ibuprofen àti diclofenac, tí a ń lò fún orúnkún àti ẹ̀yìn dídùn, ń fi kún ewu ẹ̀jẹ̀ dídà, wọ́n sì léwu fún ọkàn tó ti gbọgbẹ́. Ibuprofen tún lè dínà mọ́ iṣẹ́ aspirin. Paracetamol ló sàn jù fún ìrora. Alábùkún tí Jacob Odulate ṣe ní Abẹ́òkúta ní ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, aspirin àti caffeine ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ń lo aspirin fún ọkàn, tó tún da Alábùkún sẹ́nu nítorí ẹ̀fọ́rí, aspirin lórí aspirin ló lò yẹn. Omeprazole tí a ń lò fún ọgbẹ́ inú lè dín agbára clopidogrel kù. Dókítà lè fún yín ní òmíràn bíi pantoprazole. Àgbo tí a kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, àti òróró habbatu sawdau, aáyù tàbí atalẹ̀ tí a ń lò púpọ̀ bí oògùn, kí dókítà gbọ́ nípa wọn. Ti inú ọbẹ̀ kò ní wàhálà.

Híjáámà ni ìkarùn-ún. Sunna ni, a kò sì bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń lo oògùn méjì yìí, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í tètè dá. Kó gba ìmọ̀ràn dókítà kó tó lọ, kó sì sọ fún ẹni tó fẹ́ ṣe é. Kí ó má ṣe tìtorí híjáámà dá oògùn dúró.

Aawẹ, Hájì àti ìbéèrè nípa ẹlẹ́dẹ̀

Nínú Sūratul-Baqarah, āyah 184 àti 185, Ọlọ́hun yọ̀ǹda fún aláìsàn pé kó má gba aawẹ, kó sì san án padà ní ọjọ́ mìíràn. Ẹni tí ìkọlù ọkàn ṣẹ̀ṣẹ̀ bá wà lára àwọn tí ìyọ̀ǹda yìí wà fún. Kó má gbààwẹ̀ títí dókítà á fi sọ pé ara rẹ̀ ti gbé e. Ẹni tí kò bá ní ìrètí pé ara òun á tún lè gba aawẹ mọ́, kó máa bọ́ mẹ̀kúnnù dípò ọjọ́ kọ̀ọ̀kan.

Ẹni tí dókítà bá gbà láyè, oògùn rẹ̀ kò ní kó má lè gbààwẹ̀. Aspirin àti clopidogrel, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni, ó lè lò wọ́n lẹ́yìn oúnjẹ ìṣínu. Ticagrelor jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì, ó lè lo ọ̀kan ní ìṣínu àti ọ̀kan ní sààrì. Kí dókítà bá a ṣètò rẹ̀ kí oṣù tó lé. Ṣùgbọ́n bí àyà bá dùn ún lọ́sàn-án aawẹ, kó má dúró de ìrọ̀lẹ́. Kó já aawẹ náà, kó lo oògùn, kó lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ̀mí ni ó ń gbà là.

Ẹni tó ń lọ sí Hájì tàbí Úmúrà, kó ra oògùn tó máa tó o láti ìlú títí yóò fi padà, kó sì kó o sínú báàgì ọwọ́ pẹ̀lú ìwé dókítà, kì í ṣe inú ẹrù tó lè sọnù. Ilẹ̀ mímọ́ kò yí ara platelet padà.

Àwọn kan ń bi wá léèrè bóyá ohun ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú ìtọ́jú ọkàn. Abẹ́rẹ́ heparin àti enoxaparin tí wọ́n ń fún aláìsàn ní ilé ìwòsàn, inú ìfun ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ti ń rí ohun tí wọ́n fi ṣe wọ́n. Òmíràn wà tó ń jẹ́ fondaparinux tí kò ní ohun ẹranko nínú, a lè béèrè bóyá ó wà, tó sì bá aláìsàn mu. Bí kò bá sí, tí ẹ̀mí sì wà nínú ewu, āyah 173 nínú Sūratul-Baqarah kan náà ṣí ọ̀nà fún ẹni tí túláàsì bá. Kí a má ṣe kọ abẹ́rẹ́ tó lè gba ẹ̀mí là ní wákàtí tí a kò ní òmíràn.

Kì í ṣe fún gbogbo ènìyàn

Ẹni tó bá ka ọ̀rọ̀ yìí, tó wá sọ pé òun náà á máa lo aspirin lójoojúmọ́ kí àìsàn ọkàn má baà wá, ẹ dákun, ẹ dúró. Ìwádìí ASPREE, tó jáde ní 2018, fi àwọn àgbàlagbà 19,114 tí ara wọn le ṣe é. Aspirin kò fi kún ọjọ́ tí wọ́n fi wà láyé pẹ̀lú àlàáfíà, ṣùgbọ́n ó fi kún iye àwọn tó ṣẹ̀jẹ̀ púpọ̀. Ẹni tí àìsàn ti bá ni àǹfààní rẹ̀ pọ̀ fún. Ẹni tí ara rẹ̀ le, ewu rẹ̀ lè ju àǹfààní lọ. Kí olúkúlùkù béèrè lọ́wọ́ dókítà rẹ̀.

Iṣẹ́ tó kù sí ọwọ́ ẹbí

Kí ẹnì kan nínú ilé mọ orúkọ oògùn méjèèjì, ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, àti ọjọ́ tí dókítà ní kí a yọ ọ̀kan kúrò. Kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí gbogbo ilé ti lè rí i. Kí ọmọ tó wà ní òkè òkun tó ń fi owó ránṣẹ́ máa béèrè oògùn kí ó tó béèrè ohun mìíràn. Kí a ra tuntun nígbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ kan, kì í ṣe lọ́jọ́ tó bá tán. Kí a so lílò rẹ̀ mọ́ ìrun kan, bíi lẹ́yìn Ìṣáì, kó má baà di ìgbàgbé. Kí a má sì gbàgbé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ti àtọ̀gbẹ àti ti cholesterol, nítorí oògùn méjì yìí kì í ṣe iṣẹ́ wọn fún wọn.

Àwọn kan á ní, "Ọlọ́hun ló ń wò sàn." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkùnrin kan bi Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, nípa ràkúnmí rẹ̀, ó ní kó so ó mọ́lẹ̀ kó tó gbára lé Ọlọ́hun. Hóró oògùn méjì tí aláìsàn ń lò lójoojúmọ́ ni okùn tí a fi so ràkúnmí yìí.

Kí Ọlọ́hun fún àwọn aláìsàn wa ní àlàáfíà, kí Ó dá ẹ̀mí àwọn òbí wa sí nínú ìgbọràn sí I, kí Ó má sì jẹ́ kí àìmọ̀kan wa di okùnfà àbámọ̀. Āmīn.